Wangara: Erékùṣù tí Ń Rìn

Ní ọdún 499, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Huishen dé sí Jingzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, ó sì ròyìn ilẹ̀ kan tí ó jìnnà réré sí ìlà-oòrùn, lẹ́yìn òkun. Fusang ni ó pè é. Àwọn akọ̀wé ìtàn gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, a sì rí i kà lónìí nínú Liang shu, ìwé ìtàn ìdílé ọba Liang, tí wọ́n parí ní ọ̀rúndún keje. Wọ́n ní igi kan ni ilẹ̀ náà gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀; èèpo igi yìí ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń hun aṣọ, òun náà ni wọ́n sì fi ń ṣe ìwé tí wọ́n ń kọ nǹkan sí. Wọ́n ní bàbà wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n irin kò sí. Pé wúrà àti fàdákà kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Pé ẹni tí ó bá ná ọjà wọn kì í san owó-orí ọjà.

Àwọn tí ó ti wá Fusang nínú ìwé láti ìgbà náà kò lóǹkà. Ní ọdún 1761, ọmọ Faransé kan tí ó gbọ́ èdè Ṣáínà, Joseph de Guignes, kọ ọ́ pé Amẹ́ríkà ni Fusang, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àwọn ará Ṣáínà ti dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú Columbus. Ní 1831, Klaproth, ọmọ Jámánì tí ó ń gbé ní Paris, dáhùn pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, pé agbègbè Jàpáànù ni kí a wá a sí. Títí di òní, àwọn kan ṣì wà lẹ́yìn èkíní, àwọn kan sì wà lẹ́yìn èkejì.

A kò fi Fusang bẹ̀rẹ̀ nítorí pé a fẹ́ ṣe bí ẹni tí ó mọ ilẹ̀ Ṣáínà. Apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa náà ní erékùṣù kan tí àwọn ará òkèèrè kọ sínú ìwé, tí wọ́n yà sínú àwòrán ilẹ̀, tí wọ́n sì wá kiri fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Wangara ni orúkọ rẹ̀. Níbi tí àwọn ará Fusang ti ka wúrà sí ohun yẹpẹrẹ, wúrà nìkan ni wọ́n fi mọ Wangara. Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà, òun ni ó sì mú wa gbé kálámù lóṣù yìí: kò sí ẹni tí ó lè fi ará Fusang kan hàn wá, ṣùgbọ́n àwọn Wangara wà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n wà ní Djougou, ní Parakou, ní Nikki, ní Kandi. Wọ́n wà ní Zongo níhìn-ín ní Kútọnu. Àwọn ọmọ wọn jókòó nínú kíláàsì wa.

Ẹni tí ó ṣe àlàyé Wangara fún ayé gẹ́gẹ́ bí erékùṣù ni al-Idrisi, ọmọ Ceuta ní etí òkun Mòrókò, tí ó lọ ṣiṣẹ́ ní ààfin Roger Kejì, ọba Sicily, ní Palermo. Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni ọba, Mùsùlùmí ni amòye rẹ̀, wọ́n sì jọ ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ ọ́n. Wọn a ránṣẹ́ pe àwọn arìnrìn-àjò, wọn a bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a tún bi wọ́n léèrè pa pọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti bára mu ni wọ́n ń gbà, èyí tí kò bá bára mu ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Ìwé náà parí ní oṣù kìíní ọdún 1154. Roger kú ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Nínú àwọn àwòrán ilẹ̀ tí ó wà nínú ìwé náà, gúúsù ni ó wà lókè, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá fẹ́ wo ilẹ̀ adúláwọ̀ níláti gbé ojú sókè. Inú àwọn ọmọ kíláàsì wa máa ń dùn sí ìyẹn, tiwa náà sì ń dùn.

Ohun tí al-Idrisi sọ nípa Wangara kò ju ojú ewé kan lọ. Ó ní ilẹ̀ wúrà ni, erékùṣù tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 300 máìlì, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 150, tí odò Naílì yí ká láti ọdún dé ọdún. Naílì ni àwọn Lárúbáwá ayé ìgbà náà ń pe odò Ọya, nítorí wọ́n gbà pé odò Íjíbítì ni ó ya ẹ̀ka wá síbí. Bí oṣù kẹjọ bá dé, tí ooru bá gbóná janjan, odò a kún, a bo erékùṣù náà tàbí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, àwọn ènìyàn láti gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀ a ya wọ ibẹ̀ láti wá wúrà nínú ilẹ̀ tí omi ti fi sílẹ̀, oníkálùkù a sì rí ìwọ̀n tí Ọlọ́run bá yàn fún un. Àwọn oníṣòwò Wargla àti ti Magrib ni ó ń ra èyí tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, wọn a gbé e la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń rọ owó wúrà.

Ẹni tí ó bá ti gbé ní àfonífojì odò Wẹ̀mẹ̀ kò ní fi ìròyìn yìí ṣe ẹ̀rín. Ní Aguégués, ní Sô-Ava, bí odò bá kún ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kọjá lórí oko tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn; bí omi bá sì ti lọ, ẹrẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ń gbin àgbàdo àti ẹ̀fọ́ sí. Ẹ fi wúrà rọ́pò àgbàdo, ẹ ti dé erékùṣù al-Idrisi. Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé dì mú ni pé ìròyìn náà kì í ṣe àlá. Ẹnì kan rí omi náà. Ẹnì kan rí wúrà náà pẹ̀lú. Bóyá ibì kan náà ni ó ti rí méjèèjì ni ó kù tí a níláti bi í.

Àwọn tí ó ṣáájú al-Idrisi ti sọ ohun tí ó ju èyí lọ. Ní nǹkan bí ọdún 903, Ibn al-Faqih kọ ọ́ pé ní ilẹ̀ Gánà (Gánà àtijọ́, tí ó wà ní ààlà Málì àti Moritéńíà, kì í ṣe aládùúgbò wa ti òde-òní), wúrà ń hù nínú yanrìn bí kárọ́ọ̀tì, wọn a sì máa fà á tu nígbà tí oòrùn bá ń yọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ràn èyí ju ìyókù lọ. Nígbà tí Mansa Musa, ọba Málì, kọjá ní Káírò ní ọdún 1324, tí ó ná wúrà níbẹ̀ títí iye owó wúrà fi já wálẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ bi í léèrè ibi tí ọrọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Al-Umari kọ díẹ̀ nínú ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà: ọba ní òun fi àwọn tí ń wa wúrà sílẹ̀ lábẹ́ àṣà wọn, nítorí pé ibikíbi tí wọ́n bá ti gba àkóso, tí ìpè àdúrà sì dún níbẹ̀, wúrà a bẹ̀rẹ̀ sí í dín títí yóò fi tán. A kò mọ ọba mìíràn tí ó dá àlejò lóhùn pẹ̀lú ọgbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì fi ọ̀nà kankan han ẹnikẹ́ni. Bí ọba bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Káírò, kí ni yóò dí oníṣòwò lásán lọ́wọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹnu aṣálẹ̀, nígbà tí oníbàárà rẹ̀ bá ń bi í léèrè ibi tí òun ti ń rà á?

Láti Palermo ni erékùṣù náà ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, àwọn ayàwòrán ilẹ̀ ní Itálì fi í sí àárín odò, wọ́n sì ń pè é ní Palolus. Àwọn Júù ayàwòrán ilẹ̀ tí ó wà ní erékùṣù Majorca ya Mansa Musa fúnra rẹ̀ ní 1375, pẹ̀lú adé lórí àti wúrà lọ́wọ́. Àwòrán yẹn wà ní Bibliothèque nationale ní Paris títí di òní. Lẹ́yìn wọn ni al-Hasan al-Wazzan dé, ẹni tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wa ń pè ní Léon l'Africain. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní Venice ní 1550, Wangara kò sí ní ìwọ̀-oòrùn mọ́, ó ti lọ jókòó lẹ́bàá Zamfara ní ilẹ̀ Haúsá. Àwọn onímọ̀ ti bú u nítorí èyí. Ní ojú tiwa, kò ṣìnà tó bí wọ́n ṣe rò. Ìtàn àwọn ọba Kano sọ pé ní ayé ọba Yaji, ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, àwọn Wangara ti Málì wá, wọ́n sì mú ẹ̀sìn Ìsìláàmù wá sí Kano. Wangara wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹsẹ̀ ni ó fi rìn débẹ̀.

Àwọn tí ó ń ya àwòrán ilẹ̀ kò mọ èyí. Lójú wọn, orúkọ tí a bá kọ sórí ilẹ̀ níláti jẹ́ ilẹ̀. Ní 1798, nígbà tí James Rennell ya àwòrán fún ìwé ìrìn-àjò Mungo Park, ó fi odò Ọya sílẹ̀ kí ó ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn títí yóò fi wọ inú àbàtà ńlá kan tí ó pè ní Wangara, níbi tí oòrùn yóò ti fa omi rẹ̀ gbẹ. Kí odò má baà rí ọ̀nà lọ sí òkun ní gúúsù, òkè gígùn kan dí i lọ́nà nínú àwòrán kan náà, láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn: òkè Kong. Ohun méjì tí kò sí, èkíní gbé èkejì ró, gbogbo Yúróòpù sì gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀nà gbà tí èkíní fi wó. Ní oṣù kẹta ọdún 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Wọ́n la ìlú wa kọjá, wọ́n kí Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n dé Bussa ní ilẹ̀ Bàrùbá, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí yóò fi di oṣù kọkànlá, omi ti gbé wọn dé etí òkun ní agbègbè Brass. Kò sí àbàtà tí ó gbé odò mì. Ọjà ni wọ́n rí lẹ́bàá omi, àti àwọn Tápà tí ń ná an. Òkè Kong pẹ́ díẹ̀ sí i. Ní 1888 ni Binger, ọ̀gá ológun Faransé, wọ ìlú Kong ní ilẹ̀ tí ó di Côte d'Ivoire, kò sì rí òkè kankan. Ohun tí ó rí ni mọ́ṣáláṣí, àwọn aláró àti àwọn ahunṣọ, àti àwọn oníṣòwò Júlà tí wọ́n jẹ́ ìran kan náà pẹ̀lú àwọn Wangara. Ibi tí àwòrán ilẹ̀ fi erékùṣù sí, oníṣòwò ni ó wà níbẹ̀. Ibi tí ó fi òkè sí, oníṣòwò náà ni. Àwọn baba wa ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ìbéèrè wa ṣì wà nílẹ̀: níbo ni erékùṣù al-Idrisi wà gan-an? Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀, pàápàá àwọn ará Faransé ayé amúnisìn, tọ́ka sí Bambuk, láàrin odò Senegal àti odò Falémé, tàbí Buré ní òkè odò Ọya. Wúrà wà ní ibi méjèèjì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí omi ń bò mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún nínú méjèèjì. Ní ọdún 1981, awalẹ̀pìtàn ọmọ Amẹ́ríkà kan, Susan Keech McIntosh, gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú Journal of African History. Ó ní kí a wo ibi tí odò Ọya ti pín sí ẹ̀ka púpọ̀ ní àárín ilẹ̀ Málì, ní agbègbè Djenné àti Mopti títí lọ sí Timbuktu. Níbẹ̀ ni odò ti ń kún láti ìgbà òjò, tí ó ń bo pápá tí ó fẹ̀ lọ salalu, tí ó sì ń fà padà. Gígùn rẹ̀ àti ìbú rẹ̀ kò jìnnà sí èyí tí al-Idrisi kọ. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀: wúrà kò sí nínú ilẹ̀ rẹ̀.

McIntosh àti Roderick McIntosh ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ Jenné-jeno láti ọdún 1977, ìlú àtijọ́ tí ó wà nítòsí Djenné, tí àwọn ènìyàn ti ń gbé láti nǹkan bí ọdún 250 ṣáájú ìbí Jésù. Wọ́n rí yẹtí wúrà níbẹ̀. Ibòmíràn ni wúrà yẹtí náà ti wá, bí irin àti bàbà tí wọ́n rí níbẹ̀ ti ti ibòmíràn wá, tí àwọn ará ìlú sì ń fi oúnjẹ àti ẹja rà wọ́n. A lè wá sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ báyìí. Ọjà ni erékùṣù náà. Àwọn tí wọ́n bi léèrè ní Palermo mọ ibi tí wọ́n ti ń ra wúrà, tàbí ibi tí ẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń rà á. Wọ́n rí omi tí ó yí ọjà náà ká. Wọ́n sì rò pé ibi tí a ti ń ta nǹkan náà ni ó ti ń hù.

Kí á má tètè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé àwa náà ń ṣe ohun kan náà lójoojúmọ́ láìfura. Obì àbàtà ni obì ilé, òun ni a fi ń bọ òrìṣà, òun ni a ń dà níwájú Ifá. Gbànja yàtọ̀ sí i: awẹ́ méjì ni, ọjà àwọn arìnrìn-àjò ni. Inú igbó Àṣáńtì ni ó ti ń so nígbà náà, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gonja, ní ọjà bíi Salaga, ni àwọn oníṣòwò ti ń rà á, kí wọ́n tó gbé e gba Djougou, Nikki àti Kandi kọjá lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Gonja ni a sì ń pè nígbà tí a bá ń pe gbànja. Nípa bẹ́ẹ̀, orúkọ ọjà ni àwa náà fún èso igi. Ta ni ó gbé e kọjá? Àwọn Wangara ni, àti àwọn Haúsá lẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ kejì tí ẹsẹ̀ wọn fi sí ẹnu wa ni ìmàle. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé orúkọ Málì ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ará Málì ni àwọn tí ó kọ́kọ́ kírun lójú àwọn baba wa.

Àwọn tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà kò ṣe àṣìṣe al-Idrisi. Ibn Battuta, tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Málì ní 1352, dé ìlú kan tí ó ń jẹ́ Zaghari, ó sì kọ ọ́ pé àwọn oníṣòwò adúláwọ̀ tí ń gbé níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Wanjarata. Ènìyàn ni ó pè bẹ́ẹ̀. Àlàyé tí ó mọ́lẹ̀ jù lọ ni ti Tarikh al-fattash, ìwé ìtàn tí àwọn ọ̀mọ̀wé Timbuktu kọ ní èdè Lárúbáwá, tí Houdas àti Delafosse túmọ̀ sí Faransé ní 1913. Ó ní orísun kan náà ni Malinké àti Wangara ti ṣẹ̀. Èyí tí ó gbé ohun ìjà ni Malinké, èyí tí ó gbé ẹrù ọjà tí ó sì ń ti ìlú dé ìlú ni Wangara. Bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn náà wà ní Timbuktu fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú ìwé àwọn ọmọ ilẹ̀, nígbà tí àwọn amòye ń wá erékùṣù lórí tábìlì ní London.

Lọ́dọ̀ wa ní Benin, ìtàn náà kò jìnnà. Àwọn Wangara dé ilẹ̀ Bàrùbá àti Djougou pẹ̀lú obì, iyọ̀, aṣọ àti ẹran ọ̀sìn, àwọn ọba ibẹ̀ sì fún wọn ní àyè. Ní ilẹ̀ Bàrùbá, maro ni wọ́n ń pe àdúgbò tí wọ́n tẹ̀dó sí. Lójú tiwa, maro yìí ni ó jọ erékùṣù jù nínú gbogbo ìtàn yìí: àdúgbò kan nínú ìlú, tí ó ní mọ́ṣáláṣí tirẹ̀, tí ó sì ní lémọ́ọ̀mù tirẹ̀. Àwọn ọmọ wọn kò sọ èdè Mandé mọ́. Dendi ni wọ́n ń sọ, èdè tí ó bá ti Sọ́ńgáì tan. Orúkọ ìdílé ni ó kù: Touré, Traoré, Cissé, Fofana. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ sí i, kí ó ka ìwé tí Denise Brégand kọ lórí àwọn Wangara ilẹ̀ Borgou, tí ó jáde ní Paris ní 1998. Olùkọ́ tí kò bá ní àyè ka gbogbo rẹ̀, kí ó ka ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọ̀wọ́ oníṣòwò.

Orúkọ ìdílé yìí ni ó dá wàhálà sílẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ti ṣiṣẹ́. Ẹnì kan tí ó ń kọ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ṣe ìdánwò sílẹ̀ wo orúkọ ọmọbìnrin kan, ó ní kí ó lọ mú ìwé ọmọ-onílẹ̀ bàbá rẹ̀ wá, nítorí pé orúkọ ará Málì ni. Ọmọ náà dáhùn pé Djougou ni wọ́n bí bàbá òun sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá bàbá òun sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin bàbá tirẹ̀ sí. “Ṣáájú Djougou ńkọ́?” ni ẹni náà tún béèrè. Ọmọ náà dákẹ́. Ó mú ìwé náà wá ní ìkẹyìn, ó sì ṣe ìdánwò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá rẹ̀ fi pààrà ọ́fíìsì kí ó tó rí i gbà.

Ṣáájú Djougou ńkọ́? A kò rí i rí kí ẹnikẹ́ni bi àwa Nàgó ní irú ìbéèrè yìí nígbà tí a bá ń forúkọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ìlú wa kan tí ìtàn rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó ti ibòmíràn wá. Kétu ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀. Ìdílé ọba Babagidai ní Ṣábẹ̀ẹ́ ń tọ́ka sí ilẹ̀ Bàrùbá, gẹ́gẹ́ bí ìtàn wọn ṣe sọ. Àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ ti òkè òkun Bùràsíìlì dé, nínú wọn ni a sì ti rí àwọn olùkọ́ tí ó kọ́ àwọn bàbá wa ní Faransé. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, a máa ń pe ìwọ̀nyí ní ìtàn ìlú, a sì ń fi wọ́n yangàn. Nígbà tí ó bá kan Wangara, a óò sọ pé àlejò ni wọ́n. Orúkọ tí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ kò rí ibi fi sí, àwa pẹ̀lú kò tíì rí ibi fi sí i.

Láti ìgbà náà, a ti fi Wangara kún ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin wa lórí ilẹ̀ Málì àtijọ́. A ń ya àwòrán odò Ọya sára pátákó, a ń kọ ohun tí al-Idrisi sọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ń kọ ti ọ̀mọ̀wé Timbuktu sí ẹ̀gbẹ́ kejì, a sì ń ní kí wọ́n wá ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé, bí ọba Roger ti ṣe. Àwọn kan ń fi àmì sí Djenné. Àwọn kan ń fi í sí Kano. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta gbànja ní Tọ́kpá mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì fa ìlà kan láti Salaga, ó mú un gba Djougou, ó mú un gba Kandi, ó sì kọ Wangara sórí ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A kò nù ún kúrò títí aago fi lù.

Àwọn ará Malanville mọ ìkún omi méjì. Èkíní ń dé ní àsìkò òjò, òjò agbègbè ibẹ̀ ni ó ń fà á. Èkejì ń dé nínú ọyẹ́, nígbà tí òjò ti dá tipẹ́tipẹ́. Omi tí ó ti ilẹ̀ Guinée wá ni, tí ó ti tàn sórí pápá ní Djenné àti ní Mopti, tí ó ti yí àwọn òkìtì ìlú ká bí al-Idrisi ti wí, kí ó tó padà wọ ojú odò, kí ó sì máa bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 2023, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger tí wọ́n sì ti ẹnubodè pa, ọkọ̀ kò kọjá lórí afárá tí ó so Malanville mọ́ Gaya mọ́. Àwọn oníṣòwò sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò, wọ́n kó àpò wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì gba orí omi náà kọjá.